Bí A Ṣe Ń Yan Àpótí Fítẹ́ẹ̀sì fún Ọkọ̀ 504 Àtijọ́

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kà yìí kan awakọ̀. Ó kan mẹkáníìkì. Ó sì kan ìyá tí ó ń kó iṣu lọ sí ọjà.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Èmi kò ní ọkọ̀. Kí ni ó kàn mí níbẹ̀?" Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ọkọ̀ a máa wọ ọkọ̀. Bí fítẹ́ẹ̀sì bá fò jáde nígbà tí ọkọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kì í ṣe awakọ̀ nìkan ni ó wà nínú ewu. Bí a bá sì fi owó àjọ ra irin tí kò bá ọkọ̀ mu, gbogbo ilé ni ó pàdánù. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ kà á.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú wa

Awakọ̀ kan wà nínú kíláàsì wa. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun náà ń ka ìwé yìí pẹ̀lú wa. Ó ní ọkọ̀ Peugeot 504 kan tí ó fi ń kó èrò àti ẹrù láti Ṣábẹ lọ sí Kútọnú. Ẹsáǹsì ni ọkọ̀ náà ń lo, èyí tí àwọn kan ń pè ní pẹtiróòlù.

Ní ọdún kan, fítẹ́ẹ̀sì kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lẹ́yìn náà, fítẹ́ẹ̀sì kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí ó lọ wá àpótí mìíràn. Ìyàwó rẹ̀ gba owó àjọ tí ó ti ń dá, ó gbé e fún un. Ó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí Kútọnú, sí ibi tí wọ́n ti ń ta irin ọkọ̀ àlòkù.

Ẹni tí ń ta irin fi àpótí kan hàn án. Ó ní, "504 ni. Ó dára. Gbé e lọ." Àmì kan wà lára irin náà, lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ṣùgbọ́n ní àkókò yẹn, awakọ̀ wa kò mọ̀ ọ́n kà. Ó san owó. Ó gbé àpótí náà dé ilé.

Nígbà tí mẹkáníìkì gbé e mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ihò bóòtù kò bá ara wọn mu. Inú ọkọ̀ tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti yọ àpótí náà. Òótọ́ ni pé 504 ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú 504 tirẹ̀. Ó padà lọ bá ẹni tí ó tà á. Ìyẹn ní, "Ọjà tí a bá ti gbé kúrò níhìn-ín, a kì í gbà á padà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọkọ̀ náà fi dúró sí ẹ̀yìn ilé. Ìyá ilé rẹ̀ kò rí ọkọ̀ kó iṣu lọ sí ọjà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, awakọ̀ náà wá sí kíláàsì wa. Ó ní, "Olùkọ́, ẹ kọ́ mi ní lẹ́tà tí ó wà lára irin."

Kí ni iṣẹ́ àpótí fítẹ́ẹ̀sì?

Àpótí fítẹ́ẹ̀sì ni àpótí irin tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lábẹ́ ibi tí awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ lé. Àwọn ará apá Nàìjíríà ń pè é ní gíábọ́ọ̀sì. Nínú rẹ̀ ni ọ̀pá irin wà, àti irin eléyín tí ó tóbi jura lọ. Eyín ọ̀kan ń wọ inú eyín èkejì, ọ̀kan a sì máa yí èkejì.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí a fi nílò rẹ̀? Ẹ wo ẹni tí ó ru ẹrù wúwo tí ó ń gun òkè. Kì í gbé ẹsẹ̀ gígùn. Ẹsẹ̀ kéékèèké ni ó ń gbé, ó sì ń gbé e léraléra. Nígbà tí ó bá dé ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, a wá gbé ẹsẹ̀ gígùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkọ̀ rí.

Ní fítẹ́ẹ̀sì kìíní, ẹ́ńjìnnì ń yí tó ìgbà mẹ́ta àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí ọ̀pá tí ó ń jáde lẹ́yìn àpótí tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Agbára pọ̀, eré kò pọ̀. Ní fítẹ́ẹ̀sì kẹrin, bí ẹ́ńjìnnì bá yí ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀pá ẹ̀yìn a yí ẹ̀ẹ̀kan. Bí àpótí bá ní fítẹ́ẹ̀sì karùn-ún, ẹ́ńjìnnì yóò yí bí ìgbà 82, ọ̀pá ẹ̀yìn yóò sì yí ní ìgbà 100. Eré pọ̀, agbára dín kù.

Ohun kan tún wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti àpótí náà. Òun ni kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń ya ẹ́ńjìnnì kúrò lára àpótí, kí a lè yí fítẹ́ẹ̀sì padà láìjẹ́ pé eyín irin ń ha ara wọn.

Díẹ̀ nínú ìtàn ọkọ̀ 504

Ní ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Ní Yúróòpù, wọ́n yàn án ní ọkọ̀ ọdún 1969. Ní ọdún 1975, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to 504 pọ̀ ní Kàdúná, ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1975 kan náà àti ní 1978, ọkọ̀ 504 gba ipò kìíní nínú eré ìje Safari ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, wọn kò ṣe 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin mọ́ láti ọdún 1983. Ọ̀pọ̀ nínú èyí tí a ń rí lónìí jẹ́ ọkọ̀ àgbà.

504 kan tún wà tí ó ní ilẹ̀kùn méjì, tí a ṣe fún eré àti fún ẹwà. Pininfarina ní ilẹ̀ Ítálì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Àwọn olówó ní Yúróòpù ṣì ń tọ́jú irú rẹ̀ títí di òní. Nígbà tí àpótí fítẹ́ẹ̀sì ọkọ̀ wọn bá bàjẹ́, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú wọn bí ti awakọ̀ wa: èwo ni kí a fi rọ́pò rẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì 504 kò jẹ́ irú kan ṣoṣo. Nínú àwọn tí ń lo ẹsáǹsì, a rí 1.796 àti 1.971. Nínú àwọn tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì, a rí 1.948, 2.112 àti 2.304. Nọ́ńbà yìí ń sọ bí àyè inú ẹ́ńjìnnì ti tóbi tó.

Àpótí fítẹ́ẹ̀sì náà kò jẹ́ irú kan. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí wọ́n ń pè ní BA7, tí ó ní fítẹ́ẹ̀sì mẹ́rin fún iwájú àti ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí ó ní fítẹ́ẹ̀sì márùn-ún dé, bíi BA7/5 àti BA10/5. Ọkọ̀ 505, tí ó jáde ní ọdún 1979, lo irú àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú.

Ẹ ka àwọn àmì yìí sókè: BA7. BA7/5. BA10/5. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín. Àwọn lẹ́tà kékeré yìí ni ó gba owó lọ́wọ́ arákùnrin wa.

Kí a tó ra òmíràn: ṣé àpótí náà ti kú ní tòótọ́?

Kì í ṣe gbogbo orí fífọ́ ni ibà. Kí ẹ tó na owó, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin yìí wò.

1. Ẹ wo ọ́ìlì. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Ẹ ṣí bóòtù tí a fi ń rọ ọ́ìlì, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé etí ihò náà. Bí kò bá dé ibẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ni kò sí tí àpótí fi ń ké.

2. Ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì. Bí kílọ́ọ̀ṣì kò bá ya ẹ́ńjìnnì nípa dáadáa, gbogbo fítẹ́ẹ̀sì ni yóò máa ha nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i. Kì í ṣe ẹ̀bi àpótí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ fítẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni ó ń ha, bíi ti kejì, inú àpótí ni àrùn náà wà. Ó lè jẹ́ òrùka tí ó ń mú kí irin méjì yí dọ́gba kí wọ́n tó pàdé ni ó ti jẹ.

3. Ẹ wo àwọn ọ̀pá tí ó so ọwọ́ awakọ̀ pọ̀ mọ́ àpótí. Bí orí wọn bá ti jẹ, fítẹ́ẹ̀sì kò ní wọlé tán, ó sì lè fò jáde. Owó díẹ̀ ni a fi ń tún un ṣe.

4. Ẹ fi etí sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí ọ̀pá fítẹ́ẹ̀sì wà ní ibi òfìfo. Bí ariwo bá wà, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bí ariwo bá dákẹ́, inú àpótí ni ó ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì ni ariwo bẹ̀rẹ̀, irin tí ó ń ti kílọ́ọ̀ṣì ni ó ń ké. Bí àpótí bá sì ń ké ní fítẹ́ẹ̀sì kìíní, kejì àti kẹta, ṣùgbọ́n tí ó dákẹ́ ní ìkẹrin, ọ̀pá ìsàlẹ̀ inú àpótí ni ó yẹ kí mẹkáníìkì wò. Ní fítẹ́ẹ̀sì kẹrin, agbára ń kọjá tààrà láti iwájú sí ẹ̀yìn, ọ̀pá ìsàlẹ̀ kò sì ru ẹrù.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà

Bí a bá rí i dájú pé àpótí ti bàjẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ṣí sílẹ̀ fún wa.

Ọ̀nà kìíní: kí a tún àpótí ti ara wa ṣe. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ti bá ọkọ̀ mu tẹ́lẹ̀. Kò sí ìjà ihò, kò sí ìjà ọ̀pá. Bí ó bá jẹ́ òrùka tàbí bẹ́árìn nìkan ni ó jẹ, tí a sì rí èyí tí ó dára rà, ọ̀nà yìí ni ó dára jù. Ṣùgbọ́n bí eyín irin bá ti kán, tàbí bí ara àpótí bá ti sán, àtúnṣe lè gba owó ju àpótí mìíràn lọ. Iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe iṣẹ́ gbogbo mẹkáníìkì. Ẹni tí ó ti ṣí irú rẹ̀ tí ó sì ti dí i padà ni kí a gbé e fún.

Ọ̀nà kejì: kí a ra àlòkù tí ó jẹ́ irú kan náà pẹ̀lú tiwa. BA7 ni a yọ, BA7 ni a fi rọ́pò rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé a kò mọ bí ẹni tí ó lò ó ṣáájú ti lò ó. Àpótí tí ó ti pẹ́ ní ọjà lè rẹ̀ ju èyí tí a fẹ́ jù nù lọ. A ó sọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọ̀nà kẹta: kí a fi oní-márùn-ún rọ́pò oní-mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó fẹ́ èyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká sọ pé ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 3.000 láàárín ìṣẹ́jú kan ní fítẹ́ẹ̀sì kẹrin. Bí ọkọ̀ kò bá yí eré rẹ̀ padà, ní fítẹ́ẹ̀sì karùn-ún ẹ́ńjìnnì yóò yí ní bí ìgbà 2.460. Ó fi 540 dín kù. Nínú wákàtí kan tí ó jẹ́ ìṣẹ́jú 60, ó ti fi ìgbà 32.400 sinmi. Ariwo yóò dín kù, ooru yóò dín kù, epo pẹ̀lú lè dín kù.

Ṣùgbọ́n níbo ni ọkọ̀ yín ti ń ṣiṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ lórí ọ̀nà ọ̀dà tí ó lọ láti Kútọnú sí Paraku, fítẹ́ẹ̀sì karùn-ún yóò wúlò. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà oko tí ó kún fún kòtò ní agbègbè Kétu, ẹ kò ní rí àyè lò ó. Bí ẹ bá sì kún ọkọ̀ fún èrò àti iṣu, tí ẹ wá ń gun òkè ní Ìdáàṣà, ìkẹrin tàbí ìkẹta ni ẹ ó padà sí. Ẹni tí ó bá fi dandan lo ìkarùn-ún níbẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ra márùn-ún nítorí pé ọ̀rẹ́ yín rà á. Iṣẹ́ ọkọ̀ yín ni kí ẹ wò.

Nǹkan mẹ́fà tí ó gbọ́dọ̀ bára mu

Bí ẹ bá ń lọ sí ọjà, ẹ má fi ẹnu lásán lọ. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yọ àpótí ti ara yín sílẹ̀ ná, kí ẹ wọn ọ́n, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé òun fúnra rẹ̀ lọ, kí ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

1. Iwájú àpótí. Ẹ́ńjìnnì 504 ẹsáǹsì dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan gidigidi, ó tó ìwọ̀n 45. Ti dísẹ́ẹ̀lì dúró ṣánṣán jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, irin tí ó bo kílọ́ọ̀ṣì, tí ó so àpótí mọ́ ẹ́ńjìnnì, kò rí bákan náà. Ohun tí ó ṣe awakọ̀ wa nìyí. Ẹ ka iye ihò bóòtù, kí ẹ sì wọn àyè tí ó wà láàárín wọn.

2. Ọ̀pá iwájú. Eyín gígùn wà lára ọ̀pá yìí, tí ó ń wọ inú awo kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka eyín náà, kí ẹ wọn bí ọ̀pá ti nípọn tó àti bí ó ti gùn tó. Bí ó bá yàtọ̀ díẹ̀, awo kílọ́ọ̀ṣì yín kò ní wọ̀ ọ́.

3. Gígùn àpótí. Ẹ wọn ọ́n láti ojú iwájú dé ojú ẹ̀yìn. Nínú 504, ọ̀pá tí ó gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn wà nínú páìpù irin kan, páìpù náà sì so mọ́ ẹ̀yìn àpótí. Kò ṣeé fà gùn, kò ṣeé fún pọ̀. Bí àpótí titun bá fi ìwọ̀n ìka kan gùn ju ti àtijọ́ lọ, páìpù náà kò ní bá ibi tirẹ̀.

4. Ẹ̀yìn àpótí. Ojú tí páìpù náà ń dì mọ́ àti ọ̀pá tí ó ń jáde níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bíi ti àtijọ́. Àpótí ọkọ̀ mìíràn tí kò ní irú páìpù yìí kò wúlò fún yín, bí ó ti wù kí ó dára tó.

5. Ọ̀nà tí a fi ń yí fítẹ́ẹ̀sì. Nínú àwọn 504 kan, ọ̀pá fítẹ́ẹ̀sì wà lábẹ́ irin roboto tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀. Nínú àwọn mìíràn, ó wà ní ilẹ̀, láàárín àga méjèèjì. Irin tí ó so ọ̀pá yìí mọ́ àpótí kò rí bákan náà. Bí tiyín bá jẹ́ ti òkè, tí ẹ sì ra ti ilẹ̀, ẹ ó tún na owó mìíràn.

6. Okùn tí ó ń sọ eré ọkọ̀. Ara àpótí ni okùn yìí ti ń wá sí ojú awakọ̀. Irin eléyín kékeré ni ó ń yí i. Bí eyín rẹ̀ kò bá bá ti ọkọ̀ yín mu, nọ́ńbà tí ẹ ó máa rí yóò jẹ́ irọ́. Ẹ ó rò pé 80 ni ẹ ń sá, nígbà tí ẹ ti kọjá 90.

Bí a ṣe ń yẹ àlòkù wò

Àwọn àgbà ní, "Ẹnu dùn-ún rofọ́." Ọ̀rọ̀ ẹni tí ń ta ọjà kò tó. Ojú, ọwọ́ àti etí ni kí ẹ lò.

Ẹ ka àmì tí ó wà lára irin. Bí ìdọ̀tí bá bò ó, ẹ fi àkísà nù ún. Bí wọ́n bá ti fi ayùn ha á kúrò, ẹ béèrè ìdí rẹ̀. Bí ìdáhùn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ wo ara àpótí yíká. Alumíníọ̀mù ni, ó lè sán. Ẹ wo ẹsẹ̀ ihò bóòtù dáadáa. Ìlà tín-ín-rín lè jẹ́ ibi tí ó ti sán.

Ẹ fi ọwọ́ yí ọ̀pá iwájú nígbà tí àpótí wà ní ibi òfìfo. Kí ó yí geere. Bí ó bá ń há, tàbí tí ó ń ké bí ìgbà tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, bẹ́árìn rẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi í sí fítẹ́ẹ̀sì kìíní, ìkejì, títí dé òpin, àti ti ẹ̀yìn. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí ọ̀pá iwájú, kí ẹ máa wo ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ mi ọ̀pá méjèèjì sókè sódò. Bí wọ́n bá ń mì púpọ̀, ẹ má rà á.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n da ọ́ìlì tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ sórí pépà funfun. Ọ́ìlì dúdú kò burú. Eruku irin tín-ín-rín díẹ̀ kò ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ègé irin tí ìka lè mú, eyín kan ti kán nínú rẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, òjò ti pa á, ìpẹtà lè ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìkẹyìn, ẹ béèrè fún ìwé. Kí ó kọ ọjọ́, iye owó, irú àpótí, àti pé ẹ lè dá a padà láàárín iye ọjọ́ kan bí kò bá bá ọkọ̀ mu. Kí òun àti ẹ̀yin fi ọwọ́ sí i. Bí ẹni tí ń tà bá kọ̀ láti kọ ìwé, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.

Ìṣirò owó

Iye tí a kọ síhìn-ín kì í ṣe iye ọjà. Àpẹẹrẹ ni, kí ẹ lè mọ bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀.

Àpótí àlòkù: 90.000 séfà
Owó ọkọ̀ láti Kútọnú: 6.000 séfà
Awo kílọ́ọ̀ṣì titun: 20.000 séfà
Ọ́ìlì: 4.000 séfà
Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì: 15.000 séfà
Àpapọ̀: 135.000 séfà

Ẹ rí i pé owó àpótí nìkan kọ́ ni owó iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mú 90.000 péré dání yóò dúró ní ìdajì ọ̀nà. Bí àtúnṣe àpótí ti ara yín yóò bá gba 95.000 lápapọ̀, ẹ ti rí i pé ó fi 40.000 dín kù. Ẹ kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ kí ẹ tó yan ọ̀kan.

Nígbà tí a bá ń fi í sí ipò

Àpótí yìí wúwo. Kí ènìyàn kan má ṣe dá gbé e lábẹ́ ọkọ̀. Ẹ yọ okùn bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ irin tí ó lágbára, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan, kì í sì í ṣe lórí bíríkì. Bíríkì lè fọ́ lójijì. Ẹ lé ọmọdé kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí àpótí wà nílẹ̀, ẹ wo awo kílọ́ọ̀ṣì, irin tí ó ń tì í, àti rọ́bà tí ó ń dí ọ́ìlì mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá ti jẹ, àkókò yìí ni kí a pààrọ̀ wọn. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀, a ó tún san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ́ìlì nínípọn tí a ń rọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, láàárín táyà méjèèjì, ni a ń rọ sí àpótí fítẹ́ẹ̀sì. Fún BA7, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni ìwé ọkọ̀ náà ní kí a lò, díẹ̀ lé ní lítà kan. Bí ẹ bá ra irú àpótí mìíràn, ẹ wo ohun tí ìwé tirẹ̀ sọ. Kí ẹ má sì da ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ẹ rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ wa ọkọ̀ náà láìkó èrò. Ẹ gbìyànjú gbogbo fítẹ́ẹ̀sì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kékeré kan ní fítẹ́ẹ̀sì kẹta, kí ẹ wò ó bóyá yóò fò jáde. Fítẹ́ẹ̀sì ń ran bíréèkì lọ́wọ́ láti di ọkọ̀ mú. Bí ó bá fò jáde lórí òkè gíga, bíréèkì nìkan ni ó kù, ó sì lè gbóná títí kò fi ní mú mọ́. Bí ó bá ń fò, ẹ má kó ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Awakọ̀ wa padà sí ọjà lẹ́yìn tí ó ti kọ́ ìwé fún oṣù mélòó kan. Ní ọjọ́ yẹn, ó mú okùn ìwọ̀n àti ìwé kékeré kan dání. Ó fi àkísà nu irin, ó ka B, ó ka A, ó ka 7. Ó ka ihò bóòtù, ó wọn ọ̀pá. Àpótí mẹ́ta ni ó kọ̀ kí ó tó ra ìkẹrin. Nígbà tí ó dé ilé, ìyàwó rẹ̀ gba ìwé ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ti wà ní kíláàsì wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó kà á sókè láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àjọ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fara balẹ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀. Ẹ kà. Ẹ wọ̀n. Kí ẹ tó san owó.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí àpótí tí awakọ̀ wa kọ́kọ́ rà kò fi bá ọkọ̀ rẹ̀ mu?
2. Dárúkọ nǹkan mẹ́rin tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò kí a tó sọ pé àpótí ti bàjẹ́.
3. Ọ̀nà wo ni ọkọ̀ ìlú yín ń rìn jù? Ṣé fítẹ́ẹ̀sì karùn-ún yóò wúlò níbẹ̀? Sọ ìdí rẹ̀.
4. Bí awo kílọ́ọ̀ṣì bá di 25.000 séfà nínú ìṣirò wa, èló ni àpapọ̀ yóò jẹ́?
5. Kọ ìwé ọjà kan fún ẹni tí ó ra àpótí BA7. Má gbàgbé ọjọ́, iye owó àti ọwọ́ àwọn méjèèjì.